Ìwé ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Àbúrò mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Benin wa níbí, ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin ń wọ kọ́lẹ́jì, ilé-ìwé girama, ní oṣù kẹsàn-án, pé ọjà lẹ máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ sì ń bèèrè bóyá ìjọba ní ibi tí wọ́n lè gbà á sí lọ́sàn-án láìsan owó répétiteur, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ó wà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn yín wá sọ ọ́.

Classe sportive, kíláàsì eré ìdárayá, ni kí ẹ bèèrè. Kọ́lẹ́jì ìjọba ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀sán Ọjọ́rú àti Ẹtì ni wọ́n yà sọ́tọ̀: bọ́ọ̀lù, handball, basket, eré sísá. Classe culturelle náà ti wà, fún ọmọ tó bá jẹ́ pé ijó, orin tàbí tíátà ló wù ú. Kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́jì ló ní gbogbo rẹ̀ o, wọ́n sì máa ń ṣa ọmọ.

Ìyà tó jẹ mí níbẹ̀ ni kó má jẹ yín. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo wà, mò ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. Lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin wọ sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́jì, handball ló gbà á lọ́kàn, èmi sì jókòó, mò ń retí kí wọ́n fún un ní ìwé wálé. Ìgbà tí mo fi gbọ́, wọ́n ti ṣa ọmọ tán. Lọ́dún kejì mo ti débẹ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí tábìlì gba acte de naissance, ìwé ìbí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé-ìwé, ó ń fi àtàǹpàkò tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wá gbójú sókè: «Ìyá, ọmọ méjì rèé.» «J» inú orúkọ rẹ̀ ni. Ìwé ìbí kọ ọ́ ní «dj» bí Faransé ṣe ń kọ ọ́, ilé-ìwé kọ ọ́ ní «j» lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré lórí pápá.

Má torí ìyẹn lọ máa yí acte padà. Ìwé ilé-ìwé ni kí wọ́n tún kọ kó bá acte mu, ọwọ́ wọn ló wà. Tiyín ò tíì bàjẹ́ rárá: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́jì, ẹ mú acte dání, kí ẹ dúró ti akọ̀wé títí yóò fi kọ lẹ́tà ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kó máa wò yín níwò burúkú.

Tíṣà eré ìdárayá ni kí ẹ wá, òun ló mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣa ọmọ. Bí ilé-ìwé bá ti wọlé, ẹ tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, kí ẹ fojú ara yín rí pápá. Ilé-ìwé kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń fi ẹnu sọ pé àwọn ní i. Ewúrẹ́ méjì ni mo bá níbẹ̀.

Owó bàtà ò sí lára ọ̀fẹ́ o. Ti ọmọ mi ò lò tó oṣù méjì kó tó ya, àlòkù ni mo ń rà fún un báyìí. Kí ẹ sì bèèrè aago tí wọ́n ń ṣíwọ́, torí owó zẹ́mí, ọ̀kadà tí yóò gbé e wálé. Ọ̀sán méjì péré náà ni lọ́sẹ̀. Ní ti ọjọ́ yòókù, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni tèmi ń jókòó sí, ẹ ó wá tiyín.

Àbúrò ọmọ yín tó ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ni kí ẹ ti bèèrè fún un, bóyá maison des jeunes, ilé àwọn ọ̀dọ́, ń ṣe nǹkan kan.

Ẹ ní acte ọmọ yín wà lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀ ní Tchaourou. Ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.