Ọ́ìlì inú ojú bàbá àwọn ọmọ mi, ṣé ká yọ ọ́ àbí ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn inú ojú tá a fi ń ríran) ojú ọ̀tún bàbá àwọn ọmọ mi ló ṣí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n rọ ọ́ìlì sílíkónì sí i. Ó ti pé oṣù márùn-ún, dókítà ní ká wá yọ ọ́, àmọ́ aládùúgbò wa kan ní Mushin níbí ní ojú yẹn á fọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Mà, tí dókítà yín bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó ní rẹ́tínà ti lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ọ́ìlì yẹn dà bí igi tí bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn dúró, tí kọnkéré bá ti gan igi á kúrò níbẹ̀, oṣù 3 sí 6 la sábà máa ń fún un. Tó bá pẹ́ jù, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà téèyàn da òróró àti omi sínú ike tó wá ń mì í, á lọ dí ibi tí omi ojú ń gbà jáde, prẹ́ṣọ̀ inú ojú á ga, gilakóómà dé nìyẹn, ìríran tí gilakóómà bá sì ti gbà kì í dá a padà. Ó tún lè fa kátárákì, ìyẹn kí dígí inú ojú di funfun.

Aládùúgbò yín ò kúkú parọ́ tán o. Rẹ́tínà lè tún ṣí lẹ́yìn tí ọ́ìlì bá kúrò, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ojú, pàápàá tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, prẹ́ṣọ̀ sì lè lọ sílẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú ẹlòmíì wà tó jẹ́ àwa fúnra wa la máa ní ká fi ọ́ìlì ẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, láràárọ̀, kí wọ́n fọwọ́ bo ojú tó dáa, kí wọ́n wo kàlẹ́ńdà kan náà lára ògiri. Tí nǹkan dúdú bá ń wọlé látẹ̀gbẹ́ bíi kọ́tìnì, tàbí iná ń ṣẹ́ bí ìgbà tí wáyà NẸ́PÀ bá ń ta, ẹ má dúró de Mọ́ńdè, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Tó bá ṣe róbótó-róbótó kéékèèké ló ń léfòó, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó ṣẹ́kù, ẹ sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò, kò le.

Ìríran tó máa padà, ọwọ́ àárín rẹ́tínà ló wà, tíyẹn bá ti ṣí pẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ má retí pé á rí bíi tàtijọ́. Ẹ má tíì sáré ra gíláàsì ní Ìdúmọ̀tà o, nọ́ńbà ẹ̀ ṣì máa yí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ bi wọ́n bóyá omi ni wọ́n fi rọ́pò ọ́ìlì àbí gáàsì. Tó bá jẹ́ gáàsì, wọn ò gbọdọ̀ wọ bàálù títí tó fi máa tán.