Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Ta Ni Victor Bánjọ Kí Ìjà Ọ̀rẹ̀ Tó Dé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa olóòtú. Tí èmi àti bàbá mi bá ń ti Benin bọ̀, tá a bá ti fẹ́ dé Ọ̀rẹ̀ báyìí, bàbá á ní kí n rọra sáré, wọ́n á nawọ́ síta pé ibí ni wọ́n ti dá Bánjọ dúró. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi bi mí pé ta ni Bánjọ, mo ní sójà ni, ó ní sójà tó ń ṣe kí ni, mi ò rí nǹkan kan sọ mọ́. Ẹnì kan ní mọ́tò ló ń tún ṣe nínú ológun, ẹlòmíì ní irọ́ ni. Èwo lòótọ́? — Òǹkàwé yín, Ìbàdàn

Ẹ kú ìbéèrè, sà. Enjiníà ni o. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín ò purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin náà ju mọ́tò títúnṣe lọ. Ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ ẹ̀ ti ń dùn mí, torí ọdún 37 ló lò láyé, ọ̀sẹ̀ 6 tó gbẹ̀yìn nìkan làwọn èèyàn sì rántí, wọ́n á ní Bánjọ Biafra, Bánjọ Ọ̀rẹ̀, ó parí.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1930 ni wọ́n bí Victor Adébùkúnọlá Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ilé tí wọ́n ti ń kàwé gan-an ni ilé wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, lobìnrin tó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́. Ọdún 1953 ni Bánjọ wọ ológun. Ẹ rántí pé òyìnbó ló ni ológun ìgbà yẹn o, àwọn ló ń pàṣẹ, ọmọ Nàìjíríà tó bá di ọ́físà nígbà náà, ẹ lè fi ọwọ́ kà wọ́n. Bánjọ ni ẹnì kẹrìndínlógún nínú wọn. Ó lọ sí Sandhurst, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà ológun nílùú ọba, ó gba dìgírì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, nígbà tó yá ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ẹ̀ka Electrical and Mechanical Engineering, èyí táwọn sójà ń pè ní EME.

Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀, torí ibí lọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Enjiníà ológun tí ẹ ń gbọ́ yẹn pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé afárá ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń la ọ̀nà, wọ́n ń wá omi mímu fún sójà, wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń hú tí ọ̀tá bá rì. Ẹ̀ka yẹn ni Ọbásanjọ́ ti wá. EME ni wọ́n ń pe àwọn kejì, ohunkóhun tó bá ní irin àti wáyà nínú, ọwọ́ wọn ló wà: lọ́rí, ọkọ̀ tí ìbọn ò lè wọ̀, ìbọn ńlá, jẹnẹrétọ̀, rédíò tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀ lójú ìjà, àwọn ni wọ́n máa lọ fà á jáde níbi tí ìbọn ti ń dún.

Àbúrò bàbá mi kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Tí lọ́rí bá ń dún lódì, wọn ò ní tíì tú nǹkan kan. Wọ́n á ní ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, wọ́n á fi ẹnu sukurudíráfà lé ara irin, wọ́n á gbé etí lé ìdí ẹ̀, wọ́n á dijú. Wọ́n á sún un síbí, wọ́n á sún un sọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n bá dúró sí, tí ẹ bá tú ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Wọ́n ní bí ológun ṣe kọ́ àwọn nìyẹn, pé o ò gbọ́dọ̀ máa tú ohun tí kò bàjẹ́. Tí mo bá ti ń ka ìtàn Bánjọ, àwọn ni mo máa ń rántí, torí irú wọ́kṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni Bánjọ jẹ́ ọ̀gá lé lórí, ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún ni.

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966 ni wàhálà dé. Wọ́n mú un, wọ́n ní ṣe ló di ìhámọ́ra wá bá Ironsi, olórí ìjọba ológun ìgbà yẹn, kó lè pa á, òun ní rárá, kò sí kọ́ọ̀tù kankan tó gbọ́ ẹjọ́ yẹn títí wọ́n fi tì í mọ́lé. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ wà nílé, lẹ́tà ló ń kọ sí wọn láti ẹ̀wọ̀n. Àwọn lẹ́tà yẹn ṣì wà o, ẹbí ti tẹ̀ wọ́n jáde.

Ọdún 1967 ni Ojukwu, olórí Biafra tó fẹ́ ya ìlà oòrùn kúrò lára Nàìjíríà, tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, òun ló kó sójà Biafra kọjá afárá Asaba, kílẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gba Benin. Àmọ́ ohun tó sọ lórí rédíò níbẹ̀ ò jọ ti ẹni tó fẹ́ ya Nàìjíríà, ó jọ ti ẹni tó fẹ́ tún un tò. Ẹ wá wò ó, Ọbásanjọ́ ni ológun fi sí Ìbàdàn nígbà náà, enjiníà kan ń bọ̀ láti Benin, enjiníà kejì ló dúró dè é, Wọlé Ṣóyínká ló sì jíṣẹ́ Bánjọ fún Ọbásanjọ́. Ọbásanjọ́ ò bá a lọ. Wọ́n dá àwọn Bánjọ padà ní Ọ̀rẹ̀, sójà ìjọba àpapọ̀ tí Murtala Mohammed ń darí gba Benin padà lógúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù yẹn Biafra yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu pẹ̀lú Ifeajuna, Alale àti Agbam, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn ẹ̀, Enugu fúnra ẹ̀ bọ́.

Mi ò ní sọ pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ojú àwọn ará Midwest, ìyẹn agbègbè Benin àti Asaba, rí nǹkan nítorí ìrìn àjò yẹn, oore ò sì bá a wá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó tó di Ọ̀rẹ̀, ọkùnrin yìí ti fi ọdún tó lé ní 10 kọ́ iṣẹ́ tó sì ṣe é.

Màámi máa ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ṣé ibẹ̀ náà ni? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ibẹ̀ náà ni, ọmọ mi. Ìjà tí wọ́n jà níbẹ̀ lọ́dún 1967 le débi pé ó wọ ẹnu ọmọ Yorùbá, tí nǹkan bá ti le koko báyìí, òun ni wọ́n máa mú bọnu. Tí wọ́n bá kọjá ibẹ̀ ni, ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó là fún wọn nìyẹn.

Sà, EME ni bàbá mi ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n kú, "sójà" nìkan la kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ọdún kan ń bọ̀, mo fẹ́ kọ ìtàn wọn dáadáa, mi ò mọ ibi tí máa ti bẹ̀rẹ̀. — Òǹkàwé, Èkó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tí ológun fún wọn nígbà tí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, nọ́ḿbà wọn wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ibi tí wọ́n gbé wọn lọ. Ẹ yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti àpótí wò kí ẹnì kan tó dáná sun ún, mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò yín, ẹ dárúkọ ẹ̀ka wọn, wọ́n á júwe ẹni tó bá bàbá ṣiṣẹ́. Auchi ni ilé ẹ̀kọ́ EME wà, tí wọ́n bá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹ fi sí i. Tí ẹ bá wá rí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni bàbá, gbogbo wọn ló máa ní èèyàn dáadáa ni. Ẹ bi wọ́n pé kí ni bàbá máa ń tún ṣe, ọkọ̀ wo, níbo, ta ni wọ́n kọ́ níṣẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú fọ́tò kan, a máa tẹ̀ ẹ́ síbí.