Ṣé mo lè máa bi ChatGPT léèrè oògùn tí kọsítọ́mà bá dúró níwájú mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ni mí, mò ń kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní Kútọnu, mo wá wà ní sítáàjì ní fámásì kan ní Àjàṣẹ́ báyìí. Gbogbo àwa táa jọ wà ní kíláàsì la ní ChatGPT lórí fóònù, àwọn kan ò tiẹ̀ ṣí ìwé mọ́, àwọn míì ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án torí ó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá mi ò ní ká lò ó, kò sì ní ká má lò ó. Ṣé mo lè máa lò ó nídìí kọ́ńtà? Ṣé mo lè fi kọ tẹ́ẹ̀sì mi, ìwé tí mo máa fi parí ẹ̀kọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣé tóo béèrè, torí ọ̀pọ̀ ló ń lò ó tí wọn ò jẹ́ bi ẹnikẹ́ni. Tóo bá wà nílé tóò ń kàwé, lò ó. Tó bá ti kan oògùn tóo fẹ́ gbé lé èèyàn lọ́wọ́, má gbára lé e rárá.

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní ìparí 2022 ni wọ́n ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fámásì káàkiri ayé léèrè ohun tí wọ́n rò nípa ẹ̀, ohun tó sì ń jáde jọ ti kíláàsì yín gan-an: púpọ̀ wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí olùkọ́ jókòó tì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ò tó nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lójú tèmi. Ẹni tó ń sá fún un àti ẹni tó gbà á gbọ́ pátápátá, kò sí èyí tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ yẹn ti ka ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, ó wá mọ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé òmíì, òun ló ń tò fún ẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà ohun tó tò máa ń jóòótọ́. Ìgbà tí kò bá jóòótọ́, ohùn ẹ̀ kì í yí padà, bó ṣe sọ òótọ́ yẹn náà ló máa ṣe sọ irọ́. Ní 2023, àwọn apoògùn kan ní Long Island University ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè 39 nípa oògùn fún ChatGPT ọ̀fẹ́, 10 péré ló dáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kó dárúkọ ìwé tó ti rí ọ̀rọ̀ ẹ̀, 8 ló rí ìwé mú wá fún, nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì ti dárúkọ ìwé tí kò sí níbì kankan. Wọ́n tún bi í bóyá èèyàn lè lo Paxlovid tí wọ́n fi ń wo kòrónà pọ̀ mọ́ verapamil tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kò séwu. Ìwọ náà mọ̀ pé ewu wà ńbẹ̀, ritonavir tó wà nínú Paxlovid kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ verapamil bó ṣe yẹ, verapamil á pọ̀ lára, ìfúnpá aláìsàn á já wálẹ̀ kọjá ààlà. Àwọn ChatGPT tuntun dáa ju ìyẹn lọ, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣìnà.

Ká wá wo kọ́ńtà. Ìyá kan dé láti ọjà Ouando ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ara ọmọ òun gbóná, ọmọ ọdún mẹ́ta, kóo fún òun ní Coartem, oògùn ibà. Tóo bá tẹ ìyẹn sórí fóònù, ìdáhùn á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbéèrè ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu tìẹ. Ọmọ dà? Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò pé ibà ni? Ṣé gìrì ò mú un, ṣé kì í bi gbogbo ohun tó bá jẹ? Tí gìrì tàbí èébì yẹn bá wà, ọsibítù ló ń lọ lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí, gbé e sórí òṣùwọ̀n, torí ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣe é: láti kílò 5 sí ohun tí kò tó 15, hóró kan 20/120 (mílígíráàmù 20 artemether àti 120 lumefantrine, oògùn méjì tó wà nínú Coartem) ni lẹ́ẹ̀kan, láti 15 sí ohun tí kò tó 25 hóró méjì, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ọjọ́ àkọ́kọ́ á jẹ́ lẹ́yìn wákàtí 8. Ọmọ ọdún mẹ́ta méjì lè wọlé, kí ọ̀kan jẹ́ kílò 12 kí èkejì jẹ́ 16, oògùn wọn ò dọ́gba nìyẹn. Sọ fún ìyá ẹ̀ kó fún un ní wàrà tàbí oúnjẹ tó lóróró sí i, torí láìsí ọ̀rá, ara kì í gba lumefantrine dáadáa, tó bá sì bì í kí wákàtí kan tó pé kó tún un fún lódindi.

Chatbot, ìyẹn ẹ̀rọ bíi ChatGPT, lè mọ èyí tó pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí tóo bá mọ̀ ọ́n bi. Ṣùgbọ́n kò rí ìyá yẹn. Láti 2017 ni ìjọba ti ń gbógun ti oògùn ìta ní Adjégounlè ní Kútọnu, síbẹ̀ àwọn ìyá ṣì ń rà á, wọn kì í sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú apoògùn. Ìwọ lo máa rí i pé ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tóo bi í pé kí lẹ ti fún ọmọ látàárọ̀, tóo fi máa rọra tún un bi. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín, àfi tẹ́ẹ bá sọ ara yín di ẹni tó kàn ń ka ohun tó wà lójú fóònù.

Nílé ńkọ́? Ní kó ṣe bíi kọsítọ́mà tó ń wúkọ́, kó má sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ìwọ máa bi í títí wàá fi mọ ohun tó ń ṣe é. Ní kó fún ẹ níṣirò ìwọ̀n oògùn, ṣe é lórí pépà, kóo wá ṣí Vidal (ìwé atọ́ka oògùn) tàbí ìwé inú páálí oògùn fi yẹ ìwọ àti òun wò. Ó dáa gan-an fún ìyẹn.

Tẹ́ẹ̀sì yàtọ̀. Kọ́kọ́ bi olùkọ́ tó ń darí ẹ ohun tó gbà kóo fi ṣe, kóo sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà pé o lò ó. Ìwé yòówù tó bá dárúkọ, wá a lórí PubMed, ibi tí wọ́n to àwọn ìwé ìwádìí ìṣègùn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kà á fúnra ẹ, èyí tóò bá rí, yọ ọ́ dànù.

Ohun kan tóò béèrè rèé: má ya fọ́tò ìwé tí dókítà kọ kóo wá fi ránṣẹ́ sí chatbot, bóo tiẹ̀ ti bo orúkọ. Code du numérique, òfin ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì táa ní ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò gidigidi. Tí ọwọ́ dókítà bá ṣòro kà, pè é, nọ́ńbà ẹ̀ sábà máa ń wà lórí ìwé yẹn.