Ẹ Jẹ́ Kí Nǹkan Wà Níbi Tí Ọwọ́ Ti Mọ̀ Ọ́n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìsàlẹ̀ la to àmì àwọn áàpù sí, a sì ṣe é kó máa ka iye ìgbà tí èèyàn ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ń ṣí jù máa sún síwájú fúnra rẹ̀. A rò pé ìrọ̀rùn nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò ní ó ń sú àwọn, wọn ò sì lè sọ ìdí. Kí lẹ rí sí i? Ìkejì, kí ló dé táwọn èèyàn fi máa ń tún áàpù tó ti wà ní ṣíṣí ṣí? — Olùkàwé kan tó ń ṣe áàpù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ yọ ohun tó ń sún àmì kiri yẹn kúrò. Mo mọ̀ pé ó ti gbà yín lákòókò, síbẹ̀ ẹ yọ ọ́.

Áàpù téèyàn ń lò lójoojúmọ́, kì í fojú wá a. Ọwọ́ ló ń lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà, kí n máa wò wọ́n láìsọ nǹkan kan. Obìnrin akáǹtì kan wà tí mo wò báyìí: ó fọwọ́ òsì di risíìtì mú, ojú rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà tó ń kà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti gbé máòsì dé orí àmì kẹta láti apá òsì, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ká wá ní áàpù yín ti gbé àmì kẹta yẹn lọ sí ipò kejì láti àná. Ìméèlì ni obìnrin yìí máa ṣí. Yóò gbójú sókè, yóò pa á dé, yóò wá ohun tó fẹ́ kàn, ìgbà tó bá fi máa padà sórí risíìtì, kò mọ ibi tó kà á dé mọ́. Ẹ ò lè retí pé kó ṣàlàyé ohun tó bí i nínú, torí òun gan-an ò mọ̀ pé ọwọ́ òun ti há ibẹ̀ sórí.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ dán an wò. Nínú Office 2000, àkójọ áàpù iṣẹ́ ọ́fíìsì bíi Word àti Excel, Microsoft ṣe mẹ́nù tó ń fi ohun téèyàn ò lò dáadáa pa mọ́, tó ń fi èyí tó ń lò hàn. Èèyàn á ṣí mẹ́nù lónìí, ohun tó rí lánàá ò ní sí níbẹ̀. Nígbà tí Office 2007 fi máa jáde, Word àti Excel ti fi irú mẹ́nù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣí àmì nípò, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ. Iye tẹ́ ẹ ń kà, ẹ lò ó nínú àpótí ìwákiri: ibẹ̀ ojú ló ń ṣiṣẹ́, èèyàn sì ń ka ohun tó jáde kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ibì kan wà tí yíyí ipò ti dára, ìyẹn Alt+Tab, bọ́tìnnì méjì orí kíbọ́ọ̀dù téèyàn ń tẹ̀ pọ̀ láti bọ́ sínú fèrèsé mìíràn. Fèrèsé téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé èyí tó wà nínú rẹ̀. Kò da ọwọ́ láàmú, torí ohun tí ọwọ́ há sórí níbẹ̀ ni pé “tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo padà síbi tí mo ti ń bọ̀,” ìyẹn ò sì yí padà rí. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ má tún ètò náà tò títí onítọ̀hún yóò fi gbọ́wọ́ kúrò lórí Alt. Bí ẹ bá ń tún un tò ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ Tab, orí fèrèsé méjì ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, kò ní dé ìkẹta láéláé.

Ní ti ìbéèrè kejì, ohun tí kò hàn, èèyàn gbà pé kò sí ni. Nínú Windows 3.1, fèrèsé téèyàn bá sọ di kékeré máa ń di àmì nísàlẹ̀, fèrèsé mìíràn á sì bò ó. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kọ̀ǹpútà á ní iṣẹ́ àwọn ti lọ, wọ́n á ṣí òmíràn. Taskbar, ìyẹn ìlà ìsàlẹ̀ tó dé pẹ̀lú Windows 95, ló tán ìyẹn: fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ni Dock, ìlà àmì àwọn áàpù nínú Mac OS X, ní 2001, àti Windows 7 ní 2009, jẹ́ kí àmì kan ṣoṣo máa ṣí áàpù, kó tún máa gbéni padà sínú rẹ̀. Èyí ló tọ́ lójú tèmi. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé áàpù yìí ti wà ní ṣíṣí; lẹ́tà rẹ̀ ló ń fẹ́.

Ibi tó ti ṣòro ni ìgbà tí áàpù kan bá ní fèrèsé púpọ̀. Àwòrán kékeré ò tó, torí ìwé ìṣirò méjì jọra wọn bí ìbejì. Ẹ kọ orúkọ sí i. Windows 11 jáde ní 2021 láìjẹ́ kéèyàn lè ya bọ́tìnnì àwọn fèrèsé sọ́tọ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Àwọn èèyàn pariwo, ó sì padà wá ní 2023. Orúkọ fáìlì ni kẹ́ ẹ sì fi ṣíwájú, kí orúkọ áàpù tẹ̀ lé e, torí bí àyè bá fún, ìparí ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń gé. Bọ́tìnnì márùn-ún tó ń jẹ́ “Excel” ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa ní ká gbé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣí mẹ́nù kúrò ní kọ̀rọ̀, pé ó ń gba àyè. Ṣé ká gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Windows 8 yọ bọ́tìnnì Start ní 2012, ó sì di dandan kí Windows 8.1 dá a padà ní 2013. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀rọ̀ ni ibi tó yá ọwọ́ jù. Paul Fitts, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti 1954 pé bí ibi tí ọwọ́ ń lọ bá ṣe tóbi tó, tó sì súnmọ́ tó, ni ọwọ́ ṣe ń tètè débẹ̀. Etí ojú kọ̀ǹpútà máa ń dá ọfà máòsì dúró, torí náà ńṣe ni kọ̀rọ̀ dà bí ibi ńlá, èèyàn lè sọ ọfà síbẹ̀ láìwò. Ṣùgbọ́n kí bọ́tìnnì náà kan kọ̀rọ̀ gan-an ni o. Ti Windows 95 fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀, ọfà á dé kọ̀rọ̀, èèyàn á tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Bí àyè ló ń dun ọ̀gá yín, ẹ dín gíga ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kù, kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì náà sílẹ̀ níbi tó wà.