Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà: Táyà Mọ́tò Ọmọdé Ń Yọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan máa ń péjọ sí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò lópin ọ̀sẹ̀, a ń fi pákó ṣe mọ́tò kéékèèké fáwọn ọmọ tí ò ní nǹkan ìṣeré, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tẹnì kan á dán, tẹlòmíì á rí wúruwùru, táyà òmíì sì ti ń yọ kó tó dọ́wọ́ ọmọ. A kì í tò ó pọ̀ àfi tá a bá ti fi òróró pákó (linseed) pa gbogbo ẹ̀ tán. A ò fẹ́ ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, àbúrò. Táyà ni ká kọ́kọ́ mú, torí ìyẹn ló lè há ọmọ lọ́fun. Òróró yẹn ló ń dà yín láàmú. Gọ́ọ̀mù pákó gbọ́dọ̀ wọnú pákó kó tó lè dì í mú, tí òróró bá ti ṣáájú ẹ̀ wọbẹ̀, á gbẹ lóòótọ́ àmọ́ kò ní mú. Ẹ lẹ̀ ẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó pa òróró. Tí ọ̀pá táyà bá jẹ́ 6 mm, ẹ lu ihò ara mọ́tò ní 7 mm kó lè máa yí, àmọ́ ihò táyà fúnra ẹ̀ kó fún ọ̀pá náà pinpin, inú ibẹ̀ nìkan sì ni gọ́ọ̀mù ń lọ o, tó bá kan ara mọ́tò ó parí, kò ní yí mọ́.

Ní ti wúruwùru yẹn, ẹ pín iṣẹ́. Kẹ́nì kan máa fi ayùn gé e, kẹ́nì kan máa lu ihò pẹ̀lú pátánì kan ṣoṣo, káwọn tọ́wọ́ wọn ò tíì mọ ayùn máa fi sáńpépà ha á, nọ́ńbà 80 tó rí gbágungbàgun ṣáájú, 120, lẹ́yìn náà 220 tó kúnná (èmi ò ka ìyẹn sí iṣẹ́ kékeré rárá, ibẹ̀ lọwọ́ ọmọ máa bá pàdé). Ẹ wá fi ẹni tójú ẹ̀ le sí ìparí, kó máa fa táyà kọ̀ọ̀kan. Ìlànà EN 71 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù fún ààbò nǹkan ìṣeré ọmọdé ní kó gba fífà 90 N, ìyẹn bí ìgbà téèyàn so ẹrù kìlò 9 mọ́ ọn. Ìlànà yẹn náà ní kọ́ọ̀pù kan tó fẹ̀ tó 31.7 mm, nǹkan tó bá lè wọnú ẹ̀ tán pátápátá kì í ṣe tọmọ tí ò tíì pé ọdún 3. Èyí tó bá yege kó lọ, èyí tí ò yege kó padà sórí tábìlì, ta ló máa wá bínú nígbà tí ò sí mọ́tò ẹnì kan níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè lo pákó àlòkù?

ÌDÁHÙN: Tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó ti wá. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, àwọn pákó ìta kan tí wọ́n ti fi oògùn sí nítorí ikán sì lè ní májèlé arsenic, ẹ má ha irú ẹ̀ ní sáńpépà láéláé. Ẹ lo ìbòmú nígbà gbogbo, eruku pákó tó mọ́ gan-an náà lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Àti àkísà tẹ́ ẹ fi pa òróró linseed, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀ o, ó lè gbóná fúnra ẹ̀ títí á fi gbiná, ẹ tẹ́ ẹ síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi.