Orin fún àgbà tó ní àìsàn ìgbàgbé: ẹ má fipá mú olùtọ́jú

Arábìnrin, ẹ ní obìnrin tó ń bá yín tọ́jú Bàbá l'Óṣogbo sọ pé orin ń da Bàbá lórí rú, àti pé kì í ṣe tìtorí orin lẹ ṣe gba òun síṣẹ́. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá wa tọ́jú ìyá mi níbí náà kọ̀, ó ní ti ayé ni àpàlà, orin ìjọ ló dára. Mùsùlùmí sì ni ìyá mi.

Ẹ má bínú sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé orin wà lára ìtọ́jú. Lójú wọn, ìwẹ̀, oúnjẹ àti oògùn niṣẹ́, fàájì lèyí tó kù. Mo ṣàlàyé títí, kò wọ̀ ọ́ létí. Ìdí ìwẹ̀ ló ti gbà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí wọ́n tú ìró lára àwọn, wọ́n á dì í mú, wọ́n á máa ké olè. Aláró ni wọ́n lọ́mọge. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi ń bomi sí wọn lẹ́sẹ̀, ó dá orin ìdí aró kan. Ìyá mi gbè é. Wọn ò mọ orúkọ wa mọ́, àmọ́ orin yẹn pé lẹ́nu wọn, ọwọ́ wọn ń lu etí báàfù, wọ́n gbàgbé ìró. Olùtọ́jú yẹn rí i. Kò gba àpàlà láéláé, ṣùgbọ́n ó kọ́ orin aró.

Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ló ṣàpèjúwe irú àìsàn ìgbàgbé tó wọ́pọ̀ jù ní 1906. Ìrántí ohun tuntun ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Orin ìgbà ọ̀dọ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Bí Bàbá bá ti tó 80, orin tó gbòde láàárín 1960 sí 1970 ni kí ẹ wá.

Ẹ gbọ́ ti olùtọ́jú yín náà o. Rédíò tó ń ké látàárọ̀ dalẹ́ máa ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́. Bí Bàbá bá fọwọ́ dí etí, tàbí tí wọ́n ń rìn káàkiri, ẹ pa rédíò náà. Orin kò sì ní wo àìsàn náà, ẹ má ṣèlérí ìyẹn fún un.

Ẹ bi í pé ìgbà wo ni Bàbá máa ń yọ òun lẹ́nu jù, kó gbìyànjú orin nígbà yẹn nìkan, kó fẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́. Àwọn tó ń kó orin sí mẹ́mọ́rì wà l'Ọ́jà Ọba. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé orin àtijọ́ lẹ fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fújì ni wọ́n máa kó kún un.