Páìpù tín-ín-rín kì í fún omi lágbára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé, bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà tí omi fi ń ta jìnnà, ṣé tẹ́ ẹ bá fi páìpù tín-ín-rín rọ́pò ti ilé, omi òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á lágbára? Ẹ má ṣe é o. Mo ti tú irú páìpù bẹ́ẹ̀ dànù nílé àwọn tó gba ìmọ̀ràn yẹn, owó ni wọ́n fi ṣòfò.

Gíga táǹkì ló ń fún omi lágbára. Tí ojú omi inú táǹkì bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, ìfúnpá tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi báà 1 lọ (báà ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá), ì báà jẹ́ garawa ló wà lókè. Tí ẹ̀rọ bá wà ní títì, ó pé síbẹ̀. Ẹ wá de géèjì tó ń wọn ìfúnpá mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ: ọwọ́ géèjì á já wálẹ̀. Ojú ọ̀nà ni omi ti ná ìyókù, bí ẹni tó ń san owó oníbodè títí tó fi dé ọjà.

Ara páìpù ló ń gbowó. Omi tó kàn án gan-an kì í sún rárá. Ti àárín ló ń sáré jù. Nínú páìpù tín-ín-rín, kò sí omi tó jìnnà sí ara páìpù. Jean Poiseuille, dókítà ará Faransé tó ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, wọn èyí ní nǹkan bí ọdún 1840: tí omi bá ń rọra lọ, tí ihò bá fẹ̀ ní ìlọ́po 2, omi tó ń kọjá á di ìlọ́po 16. Omi páìpù ilé kì í rọra lọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń dà rú bó ṣe ń sáré, kò ní tó 16, àmọ́ ó máa ń ju 5 lọ.

Àtàǹpàkò wá ń kọ́? Ẹnu rọ́bà nìkan ló dí. Omi inú rọ́bà wá ń rìn jẹ́jẹ́, rọ́bà ò rí púpọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ìfúnpá tó ṣẹ́ kù dé ẹnu ló ń ta ìwọ̀nba omi yẹn jáde. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, ó máa pẹ́ kó tó kún ju ìgbà tẹ́ ò dí i lọ.

Tó bá jẹ́ tèmi, páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì ni màá fẹ̀, màá sì dín kọ́nà rẹ̀ kù. Àmọ́ tí géèjì bá ti kéré nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títì, ẹ fi páìpù sílẹ̀; ẹ gbé táǹkì ga sí i, tàbí kẹ́ ẹ ra pọ́ǹpù.